Owó Títì fún Oníkẹ̀kẹ́ ní Èkó: A Yẹ Ọjà Náà Wò Kí A Tó Sọ Iye

Ẹni tó bá ní ká sanwó, kó jẹ́ ká rí ọjà. Ọ̀rọ̀ pé kí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa san owó ọdọọdún kí wọ́n tó gun títì ìjọba, kì í tán lẹ́nu àwọn onímọ́tò, pàápàá nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá ká wọn mọ́ Ojúẹlẹ́gba, tí oníkẹ̀kẹ́ sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. “Àwa ń san láísẹ́ńsì, ẹ̀yin ńkọ́?” Ìbéèrè tó yẹ kí á dáhùn ni. Nítorí náà, a mú títì Èkó bí ẹni mú ọjà lórí àtẹ, a yẹ̀ ẹ́ wò láti Yábàá dé Ìdúmọ̀tà dé Ìkòyí, a wo ohun tó ń fún oníkẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà la wá bèèrè iye tó tọ́ sí i.

Ọ̀nà tó bọ́gbọ́n mu jù fún ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Yábàá lọ sí Erékùṣù Èkó ni Murtala Muhammed Way: Yábàá, Òyìngbò, Ìdó, afárá Carter, ó di Ìdúmọ̀tà. Gbogbo rẹ̀ kò ju bíi kìlómítà 7 lọ. Ẹni tó ń rin kìlómítà 15 ní wákàtí kan, èyí tí kì í ṣe eré rárá, yóò dé ibẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí, bí danfo dúró sójú kan bí kò dúró. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀nà náà níye lórí nìyẹn. Ẹ wá wo ohun tó wà lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, tí Nàìjíríà ti kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, etí títì lápá ọ̀tún ni ààyè ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́. Apá ọ̀tún yẹn náà ni ilẹ̀kùn danfo ń ṣí sí. Kọndọ á ti bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró, èrò á sì bọ́ tẹ̀lé e láìwẹ̀yìn. Oníkẹ̀kẹ́ tó bá há ara rẹ̀ sáàárín danfo àti etí títì, ara èèyàn ni yóò fi dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró. Apá òsì ni kí ẹ máa gbà kọjá lára danfo tó bá dúró, kí ẹ sì fi tó mítà kan sílẹ̀, nítorí pé bó bá ń padà bọ́ sójú ọ̀nà, imú ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ yọ, awakọ̀ á tó wo gíláàsì.

Etí títì fúnra rẹ̀ ni wàhálà kejì. Ibẹ̀ ni òjò ń kó iyanrìn jọ sí, pẹ̀lú ìgò fífọ́ àti ìṣó. Bí táyà iwájú bá wọ iyanrìn, tí ẹ sì fún bíréékì iwájú mọ́ ọn, táyà yóò yọ̀, ẹ ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ má rọ̀ mọ́ etí títì. Ẹ fi bíi mítà kan sí i, bí onímọ́tò bá ń fọn fèrè, ẹ jẹ́ kó máa fọn ọ́n. Ti irin tí wọ́n fi bo ojú àgbàrá tún wà. Níbi tí ihò irin náà bá nà lọ síbi tí ẹ dojú kọ, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ oní-mìlímítà 23 yóò rì sínú rẹ̀ pátá: kẹ̀kẹ́ á dúró, ẹni tó gùn ún á máa lọ. Níbòmíràn, wọ́n ti jí irin náà gbé lọ tà, ihò lásán ló kù. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gun inú omi tí a kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ dúró kí mọ́tò kan kọ́kọ́ kọjá, kí ẹ wo ibi tí omi mù ún dé lára táyà.

Afárá Carter ló dára jù nínú ìrìn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbà afárá ni. Ọdún 1901 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ, wọ́n fi orúkọ Gómìnà Gilbert Carter pè é, wọ́n sì tún un kọ́ nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ. Òkè rẹ̀ kò ga, jíà àárín tó o. Ohun tó yẹ ní ṣíṣọ́ ni àwọn ojú irin tí wọ́n fi so abala afárá pọ̀. Ẹ jẹ́ kí táyà dojú kọ irin náà gbọọrọ bí ẹ bá ń kọjá. Ẹ má ṣe dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má sì fún bíréékì lórí rẹ̀, pàápàá bí òjò bá ń rọ̀, torí irin tí omi bá wà lórí rẹ̀ ń yọ̀ ju ọ̀dà títì lọ. Láàárọ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ gan-an ló ń dáàbò bo oníkẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Alẹ́ tí ọ̀nà bá dá, tí mọ́tò ń sáré, ni ó burú. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ sí Ìdúmọ̀tà, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ yín. Alábàárù àti ọmọláńkẹ́ ló ni ibẹ̀, wọn kì í sì í yà fún ẹnikẹ́ni. Máàkì tí a fún ọ̀nà yìí láti òkè dé ilẹ̀: 4 nínú 10.

Afárá Eko, láti Ìjọrà sí Apọ́ngbọ̀n, gba 2. Mọ́tò ń ti ẹ̀gbẹ́ já wọlé pẹ̀lú eré, tírélà Àpápá sì ń bẹ níbẹ̀. Third Mainland gba 1. Kìlómítà 11.8 ni gígùn rẹ̀, wọ́n ṣí i tán ní 1990, mọ́tò ni wọ́n sì rò nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Bí táyà bá jò láàárín ọ̀sà, kò sí ibi tí ẹ fẹ́ yà sí, afẹ́fẹ́ ọ̀sà á sì máa ti kẹ̀kẹ́ sí ojú ọ̀nà àwọn tó ń sáré. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣeré ìdárayá máa ń gùn ún ní ìdájí òpin ọ̀sẹ̀, lọ́pọ̀ èèyàn, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ìyẹn yàtọ̀ sí ẹni tó ń dá lọ síbi iṣẹ́.

Lórí Erékùṣù, Marina àti Broad Street gba 5: mọ́tò kì í sáré níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ lè ṣí lójijì, ẹ sì gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ọ̀nà one-way, tí a ń gbà lọ tí a kì í gbà bọ̀. Ìkòyí gba 6, nítorí pé wọ́n bo ojú àgbàrá dáadáa lọ́pọ̀ ibi. Afárá Lekki sí Ìkòyí tí wọ́n ṣí ní 2013, tí kò ju kìlómítà 1.36 lọ, ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà lè ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Ní gbogbo ọ̀nà láti Yábàá dé Ìdúmọ̀tà, kò sí ibì kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìwé ìlànà jáde ní 2018 lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Ìwé náà dára. Títì ló ń dúró dè é. Bó bá jẹ́ pé owó àyè ni wọ́n fẹ́ gbà, àyè náà kò tíì dé orí àtẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá gbọ́ ti onímọ́tò. Ó ní òun ń san, kí gbogbo èèyàn san. Kí ni títì ń ná ìjọba lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan? Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti wọn èyí láti ìgbà ìdánwò AASHO, tí wọ́n fi ọkọ̀ wo bí títì ṣe ń bàjẹ́, tí wọ́n ṣe ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, láàárín 1958 sí 1960. Bí ẹrù tó wà lórí áásù kan, ìyẹn irin tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì, bá di ìlọ́po 2, ìbàjẹ́ tó ń ṣe lára títì kì í dúró ní ìlọ́po 2. Ó ń sún mọ́ ìlọ́po 16, ìyẹn 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2. Ẹ mú mọ́tò kékeré tó wọn kílò 1,500: kílò 750 ló wà lórí áásù kọ̀ọ̀kan. Kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó gùn ún jẹ́ bíi kílò 100: 50 ló wà lórí táyà kọ̀ọ̀kan. Ìlọ́po 15 ni ìyàtọ̀ ìwúwo, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ìbàjẹ́ jẹ́ 15 lọ́nà 15 lọ́nà 15 lọ́nà 15, èyí tó lé ní 50,000. Bí onímọ́tò bá san ₦10,000 fún ohun tó bà jẹ́, ti oníkẹ̀kẹ́ kò ju nǹkan bíi 20 kọ́bọ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba 20 kọ́bọ̀ yẹn, kó kọ́kọ́ wá kọ́bọ̀ tí a ó fi san án. Áásù tírélà tó gbé kílò 10,000 ń ba títì jẹ́ ju áásù mọ́tò kékeré yẹn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 30,000. Ẹni tó bá mọ títì Àpápá kò nílò ìṣirò yìí.

Òótọ́ ni pé ìbàjẹ́ nìkan kọ́ là ń sanwó fún, àyè pẹ̀lú jẹ́ owó. Ṣùgbọ́n mọ́tò kan tó gbé ẹnì kan ń gba àyè tí kẹ̀kẹ́ mélòó kan lè wà. Ní ti owó títún ọ̀nà ṣe, kì í ṣe inú àpò láísẹ́ńsì mọ́tò nìkan ló ti ń wá. Owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù wà níbẹ̀, VAT, owó orí tó wà lórí ọjà, tó di ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2020 sì wà níbẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ ń san méjèèjì.

Ní ti òfin, kí ẹnikẹ́ni má tan yín pé ìjọba kò lágbára láti gba owó kẹ̀kẹ́. Ó wà nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, Àfikún Kẹrin, ìpínrọ̀ 1(d): fífún kẹ̀kẹ́, ọmọláńkẹ́, bárò àti ọkọ̀ ojú omi kékeré ní ìwé àṣẹ jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ọdún 1998 tó to àwọn owó tí ìjọba lè gbà lẹ́sẹẹsẹ náà fi owó kẹ̀kẹ́ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ohun àtijọ́ ni, láti ìgbà tí kẹ̀kẹ́ Raleigh jẹ́ ọkọ̀ olùkọ́ àti akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Ìpínrọ̀ 1(f) gbé ṣíṣe títì àti títún un ṣe, iná ojú títì àti ojú àgbàrá lé ìjọba ìbílẹ̀ kan náà lọ́wọ́, níbi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ti là á sílẹ̀ fún un. Káńsù tó bá fẹ́ lo (d) yẹ kó ṣe tán láti dáhùn fún (f). Òfin 1998 yẹn sì kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni dí ojú ọ̀nà láti gba owó orí. Ẹni tó bá na igi dínà ní Òyìngbò tó ní owó kẹ̀kẹ́ lòun ń gbà, òun gan-an ló ń rú òfin.

Ibi tí ọjà yìí ti bàjẹ́ jù rèé: Èkó ní ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ (LCDA) 37. Ìwé wo ni ẹni tó ń gbé Yábàá, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìdúmọ̀tà, fẹ́ gbà? Ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ ẹrù tí sítíkà káńsù ti bo gíláàsì iwájú rẹ̀ dé ìdajì. Yàtọ̀ sí èyí, ìjọba àpapọ̀ ló ni afárá Carter, Eko àti Third Mainland. Owó tí káńsù bá gbà kò ní dé ojú irin afárá tí táyà ń yọ̀ lórí rẹ̀.

Nínú àwọn tó ti dán an wò nílẹ̀ òkèèrè, àwọn kan pa á tì, àwọn mìíràn yan èyí tó wúlò. Ìlú Toronto ní Kánádà gba láísẹ́ńsì kẹ̀kẹ́ láti 1935 dé 1957, ó sì pa á tì. Switzerland ní sítíkà ọdọọdún tó dúró fún ìnṣọ́ránsì. Ti ọdún 2011 ló ṣe gbẹ̀yìn. Ní Oregon ní Amẹ́ríkà, láti 2018, ẹni tó bá ra kẹ̀kẹ́ tuntun tó tó dọ́là 200 ń san dọ́là 15 lẹ́ẹ̀kan, owó náà sì ń lọ sí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ti ẹlẹ́sẹ̀. Japan ló sún mọ́ ohun tó lè wúlò fún Èkó. Níbẹ̀, òfin sọ ọ́ di dandan ní 1994 pé kí kẹ̀kẹ́ ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Ilé ìtajà ló ń ṣe é, owó rẹ̀ kéré, olè ni wọ́n sì torí rẹ̀ ṣe é. Wọn kò pè é ní owó títì.

Ohun tí àwa náà ń sọ nìyẹn. Owó títì, rárá: kò sí ọjà, iye tó tọ́ kò sì tó owó tí wọn yóò fi tẹ sítíkà. Ìforúkọsílẹ̀ nítorí olè, bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ tí a ra kẹ̀kẹ́, bí nọ́ńbà kan bá ṣiṣẹ́ ní káńsù mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, bí ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ bá sì lè fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀, àyàfi kí a máà san án.

Kí ìjọba tó ṣe é, ẹ lè ṣe tiyín fúnra yín. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé. Lábẹ́ ibi tí apá pẹ́dà méjèèjì ti pàdé ni nọ́ńbà férémù sábà máa ń wà, ó sì lè wà lẹ́yìn òpó ìjókòó. Ẹ fi kẹrosíìnì nu gíríìsì ibẹ̀ kúrò, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun pa á lórí kí ẹ tún fọwọ́ nù ún: ṣọ́ọ̀kì á kù sínú nọ́ńbà, á sì hàn. Ẹ yà á ní fọ́tò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, torí lẹ́tà O àti òdo, I àti 1, ló ń da ọ̀rọ̀ rú ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ fi orúkọ ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́, àwọ̀, ìwọ̀n táyà (26 àbí 700C) àti rìsíìtì tó ní nọ́ńbà fóònù ẹni tó tà á kún un. Tòkunbọ̀ tí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà rẹ̀ dànù, tàbí tí ọ̀dà tuntun bò ó níbẹ̀ nìkan, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kan nọ́ńbà mọ́ kẹ̀kẹ́ yín, ẹ má jẹ́ kó lu férémù: ihò ń sọ irin di aláìlágbára, atẹ́gùn iyọ̀ ọ̀sà á sì gba ibẹ̀ wọlé. Abẹ́ ìjókòó ni kó so ó mọ́, pẹ̀lú nọ́ọ̀tù tí kì í tú, torí kòtò Èkó á mì nọ́ọ̀tù lásán títí yóò fi já bọ́.

Bí àyẹ̀wò bá máa wà kí wọ́n tó fúnni ní nọ́ńbà, kó jẹ́ lórí nǹkan mẹ́ta. Bíréékì ni àkọ́kọ́: ẹ fún un tán, kí irin rẹ̀ má kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Èkejì ni iná, funfun níwájú, pupa lẹ́yìn. Táyà ló kẹ́yìn, níbẹ̀ sì ni tòkunbọ̀ ti ń purọ́ jù. Ẹ̀gbẹ́ táyà tó ti pẹ́ nínú kọ̀ntẹ́nà àti nínú oòrùn máa ń sán wẹ́wẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí òwú inú rẹ̀, ó ti kú. Mìlímítà 35 sókè ló bá títì yìí mu, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ bíi 50 sí 60 psi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka afẹ́fẹ́ táyà) fún ẹni tó wọn kílò 75. Ẹ yan tíúbù tí ẹnu rẹ̀ dà bíi ti mọ́tò, kí fọganáísà lè fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tíúbù kẹ̀kẹ́ kéré, ẹ̀rọ rẹ̀ lè bẹ́ ẹ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ó ku kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, níbi tí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti lè wúlò jù lọ báyìí. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2022 ni Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Ẹ̀tì-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Erékùṣù Èkó, Lagos Mainland àti Àpápá. Ẹ má retí pé ẹni tó ń lé ọ̀kadà yóò bẹ̀rẹ̀ wo bátìrì kó tó mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ológeere ni tiyín. Bí ìwé náà bá ní ìlà kan tó sọ iye wátì, ìyẹn agbára, ẹ̀rọ iná rẹ̀, àti bóyá ó lè lọ láìsí pé a wa pẹ́dà, àríyànjiyàn á dín kù. Ní báyìí ná, ẹ ra èyí tó jẹ́ pé pẹ́dà nìkan ló ń ta ẹ̀rọ iná rẹ̀ jí, kí ẹ sì máa gbé rìsíìtì tó kọ wátì náà sílẹ̀ dání.